"Ó ń rẹ̀ mí" yàtọ̀ sí "oorun ń gbé mi lọ"

Ọjọ́rú, ọ̀sán.

Ooru ọ̀sán yìí le. Nínú ọkọ̀ Micra láti Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ó ṣòro kí ẹnì kan má tòògbé, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ò jẹ́ kó sùn, tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, tó tún fi àmàlà pa ebi ọ̀sán, gbèsè oorun ló ń san. Bó bá rí oorun sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ojú ẹ̀ á dá.

Ẹlòmíì ló wà lọ́kàn lónìí: ẹni tó sùn wákàtí 8, tí oorun tún gbé e lọ nídìí káńtà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí ọ̀rọ̀ oníbàárà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń kọ̀wé, ọwọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ohun tó kọ ti di jágbajàgba tí òun fúnra rẹ̀ ò lè kà. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Nílùú yìí wọ́n á ti pè é ní ọ̀lẹ, wọ́n á ti ní ó ń jẹun jù, wọ́n á sì ti bi í léèrè ohun tó ń fi òru ṣe. Narcolepsy, àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè ṣàkóso oorun àti jíjí, kì í tètè wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dá a mọ̀. Láàárín ọmọ ọdún 10 sí 20 ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, lásìkò tí olùkọ́ ń na ọmọ pé ó ń sùn nínú kíláàsì.

Gbólóhùn kan ló máa ń ṣi dókítà lọ́nà: "Ó ń rẹ̀ mí." Béèyàn bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ibà ni wọ́n á kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó rẹ̀ lè jókòó kó má sùn; ẹni tí oorun ń gbé lọ kò ní àṣẹ lórí ojú ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kó jáde lẹ́nu ni: "Dókítà, mò ń sùn níbi tí mi ò ti fẹ́ sùn."

Gélineau, dókítà ará Faransé, ló sọ àìsàn yìí lórúkọ ní 1880. Ọdún 1998 ni wọ́n tó rí èròjà inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní orexin, tí àwọn kan ń pè ní hypocretin. Iṣẹ́ ìdábùú ilẹ̀kùn ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ojú tó là dúró sí lílà, kí oorun má máa wọlé bó ṣe wù ú. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní narcolepsy, èròjà yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Oorun òru wọn náà kì í dúró: wọ́n á tètè sùn, wọ́n á sì máa jí léraléra. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé èyí.

Oorun àlá, tó sábà máa ń dé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 téèyàn ti sùn, lè dé láàárín ìṣẹ́jú 15 lára wọn. Nígbà tí à ń lálàá, ara máa ń rọ kí á má baà dìde ṣe ohun tí à ń lá. Bí ojú bá là kí ara tó bọ́ nínú rírọ náà, èèyàn á rí ẹni dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò ní lè pariwo. Ogun òru la máa ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àìsùn ọjọ́ Ẹtì títí di ìdájí á tún dá kún un ni, torí àìtó oorun wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe náà máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òun nìkan kò tó ẹ̀rí.

Èyí tó sún mọ́ ẹ̀rí jù lọ ni kí ara máa rọ nígbà ẹ̀rín. Ẹ wò ó níbi oúnjẹ: ẹnì kan dápàárá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ dà wúyẹ́wúyẹ́, ìpéǹpéjú ń gbọ̀n, orí tẹ̀ síwájú, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́, orúnkún yẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ó lè tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Kò dákú, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló ń gbọ́. Kì í ṣe wárápá, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má bu omi lù ú. Ẹ gbá orí rẹ̀ mú, ẹ dúró. Bí fóònù bá wà nítòsí, ẹ ya fídíò ojú rẹ̀, kí ẹnì kan pe ọ̀rọ̀ kan sétí rẹ̀, "ìbẹ́pẹ" fún àpẹẹrẹ, kí ẹ sì bi í lẹ́yìn náà pé kí lẹ pè. Bó bá dáhùn, ẹ ti fún dókítà ní ohun tí àlàyé wákàtí kan ò lè fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í rọ báyìí náà ṣì lè ní narcolepsy.

Alẹ́.

Kí ẹni náà tó lọ rí dókítà, kó fi ìwé ọmọ ilé-ìwé kan kọ bó ṣe ń sùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àpẹẹrẹ ọjọ́ kan rèé:

Ọjọ́ Ajé. Orí ibùsùn 9:30. Jí ní 12, 2:10, 3:45. Dìde 5:30. Sùn nínú ọkọ̀ 7:15, ìṣẹ́jú 10, lálàá. Sùn níbi iṣẹ́ 10:40, ìṣẹ́jú 15, ara yá. Obì méjì. Piriton kan lálẹ́.

"Ara yá" yẹn ṣe pàtàkì. Oorun ráńpẹ́ sábà máa ń tu oní-narcolepsy lára fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dúró lóru, sábà máa ń jí tí orí rẹ̀ ṣì wúwo. Piriton náà ṣe pàtàkì, torí ó ń kunni lóorun, bíi ti oògùn wárápá àtàwọn míì. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání.

Ìwé Epworth, tí wọ́n fi ń wọn bí oorun ṣe ń kunni lọ́sàn-án, wà pẹ̀lú: ìbéèrè 8, òdo sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 24 lápapọ̀. Bó bá ju 10 lọ, oorun náà pọ̀ jù. Kò tíì sọ ohun tó fà á.

Dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti thyroid tó wà lọ́rùn wò, á béèrè ìhanrun, lẹ́yìn náà kó kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ọpọlọ àti iṣan, bíi ti ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Àyẹ̀wò gan-an pín sí méjì. Òru kan téèyàn á fi sùn pẹ̀lú wáyà lórí, lójú àti lágbọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, oorun ọ̀sán ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, wákàtí méjìméjì síra, ìṣẹ́jú 20 láti sùn nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń sùn láàárín ìṣẹ́jú 8 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ní ìpíndọ́gba, tí oorun àlá sì tètè dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, narcolepsy ni wọ́n á máa fura sí. Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ béèrè bóyá ti ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wo èémí nìkan, tí kò ní wáyà lórí, kò lè rí oorun àlá.

Ohun tó ń ba àyẹ̀wò jẹ́: oorun tí kò tó wákàtí 6 lóru yẹn, àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kọ́fí, àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó ń pa oorun àlá mọ́lẹ̀. Ẹ má fúnra yín dá oògùn yẹn dúró o. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí wọ́n á dín in kù, torí ìdádúró òjijì lè mú kí ara máa rọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí èsì tó jáde, oorun ìṣẹ́jú 15 sí 20 ní aago kan náà lọ́sàn-án. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, kí ẹlòmíì gbà á. Agbada epo gbígbóná náà, kí ẹlòmíì dúró tì í.