Shingles kì í ṣe ọfà ayé o, chickenpox àtijọ́ ló jí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní màmá tàbí dádì tó ti lé ní 60 lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Àǹtí mi kan ní London ló ń sọ pé nǹkan ń ta òun lábẹ́ ọmú òsì, ó ń jó òun bí ẹni fi ata sójú egbò, bẹ́ẹ̀ ẹ wo ibẹ̀ kò sí nǹkan kan. A rò pé ọkàn ni. Nígbà tó yá ló wá yọ ìléròrò olómi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tò láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ìgbànú, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan, ó dé àárín àyà ó dúró gbọn-in kò ré kọjá. Búrà ò ṣeé wọ̀, aṣọ ìbora ò gbọ́dọ̀ kàn án. Kíá làwọn ará ilé ti ń pè láti Nàìjíríà pé wọ́n ti ta á lọ́fà, kó má gba abẹ́rẹ́ o, kó lọ rí wòlíì.

Kò sẹ́ni tó ta á lọ́fà kankan, shingles ló ń ṣe é. Téèyàn bá ti ṣe chickenpox ní kékeré, tó gbẹ, tí wọ́n fi calamine pa á lára tán, fáírọ́ọ̀sì yẹn ò lọ síbì kankan, ṣe ló wọnú iṣan ìmọ̀lára (nerve) lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn tó lọ sùn síbẹ̀, ó lè sùn fún 50 ọdún. Ọjọ́ tí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà bá wá dín kù, bóyá torí àgbà, HIV, oògùn jẹjẹrẹ tàbí steroid, á jí, á gba ojú iṣan yẹn jáde sí awọ ara. Iṣan kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà kọjá àárín. Dókítà GP (dókítà ìdílé ládùúgbò) kan ní Cirencester ní England, Edgar Hope-Simpson, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tiẹ̀, tó sì kọ ọ́ jáde ní 1965 pé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. GP lásán o, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì.

Ẹ ò lè kó shingles lára ẹni tó ní in. Àmọ́ omi inú ìléròrò yẹn lè kó chickenpox ran ẹni tí ò ṣe é rí, nítorí náà ẹ bò ó, kí aláboyún àtọmọ ìkókó jìnnà sí i. Oògùn bí acyclovir wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 72 tó bá yọ ló ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ má fi ọjọ́ yẹn se àgbo. Tó bá jẹ́ iwájú orí tàbí ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti yọ, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Ohun tó tiẹ̀ burú jù ni pé awọ lè san tán kí ìrora má lọ, fún oṣù, fún ọdún nígbà mìíràn.

Èyí tó dùn mí ni pé wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àǹtí tipẹ́ pé kó wá gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà shingles, ó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ìwé pizza, àǹtí ní abẹ́rẹ́ COVID ti sú òun. Shingrix ni wọ́n ń pe abẹ́rẹ́ shingles yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un. Láti September 2023, NHS (iṣẹ́ ìlera ìjọba Britain) ń fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 65 àtàwọn tó wà láàárín 70 sí 79 lọ́fẹ̀ẹ́, tí àìsàn bá sì ti mú kí agbára tí ara ẹni fi ń bá àrùn jà dín kù gan-an, kò dìgbà tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ní tiwọn, láti 50 ni. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde, ó dáàbò bò ju 90 lọ nínú 100. Kò sí fáírọ́ọ̀sì ààyè nínú ẹ̀, kò lè fún yín ní shingles. Apá á dùn yín o, ibà díẹ̀ lè wá, ẹ lo Panadol kẹ́ ẹ sùn. Ẹni tó ti ṣe shingles rí náà lè gbà á, tó bá ti san.

Tàwọn ọmọdé ńkọ́? Michiaki Takahashi ní Japan ló ṣe abẹ́rẹ́ chickenpox ní 1974, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1995. Ní Nàìjíríà kò sí lára àwọn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gún fọ́mọ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ọsibítù àdáni lẹ ó ti rí i, ẹ sì kọ́kọ́ pè wọ́n béèrè bóyá ó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́mọ lọ.