Búrẹ́dì Agẹmọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá tún bi mí léèrè pé kí ló ṣe èékánná mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Mi ò pa aró. Mi ò bá ẹnikẹ́ni kun ilé. Búrẹ́dì ni mo yan. Búrẹ́dì àgbàdo, ẹyọ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, abẹ́ èékánná mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì dà bíi ti ẹni tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìkòkò aró.

Ẹnu mi ló fà á. Ìyàwó mi kàn sọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú pé Àǹtí, ẹ̀gbọ́n òun, ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, pé òun ń ro ohun tí òun máa fún wọn jẹ, torí ẹ ṣáà mọ̀ pé dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun tó bá ní gluten nínú mọ́. Ẹni tó ní làákàyè á ní, "Ó dáa, jẹ́ ká jọ rò ó." Èmi ńkọ́? Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ẹ wá wo bó ṣe wò mí. Bí ẹni tí ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé òun ń lọ ṣe ìdánwò lọ́yà.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Búrẹ́dì àgbàdo. Tòun ti ànàmọ́. Kò sí gluten níbẹ̀ rárá."

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kà á lórí fóònù, nílé ìwẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti Ọjọ́rú títí di Sátidé, kò sẹ́ni tó rímú mí nínú ilé wa. Kí ọmọ kan ṣèèṣì gba ilé ìdáná kọjá, màá dá a dúró: "Ṣé o mọ̀ pé inú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì ni gluten wà? Òun ló ń jẹ́ kí fúláwà tí wọ́n pò máa fà bíi rọ́bà. Òun náà ló ń di afẹ́fẹ́ mú tí búrẹ́dì fi ń wú. Àgbàdo ò ní irú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì rẹ̀ fi máa ń rún tí wọn ò bá fi nǹkan dì í pọ̀. Ẹyin á dì í. Ànàmọ́ náà á jẹ́ kó rọ̀, kó má gbẹ fúrúfúrú." Ọmọ á dúró, á gbọ́ tán, á ní, "Dádì, omi ni mo wá mu."

Mo tún la ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà yé wọn. Àwọn ló ni oúnjẹ yìí, síbẹ̀ wọn ò tíì parí ìjà láàárín ara wọn: àwọn kan ní ṣúgà ò gbọdọ̀ débẹ̀, àwọn kan ní bí kò bá sí ṣúgà, kí lèèyàn wá ń jẹ? Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn yìí kan náà ló ń pe ànàmọ́ ní "yam". Ẹ gbọ́ o, iṣu! Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, torí inú ló máa bí mi, búrẹ́dì ni mo sì ń sọ.

Ìlànà náà sọ ọ́ kedere: ànàmọ́ tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n la ọ̀kan sílẹ̀ sí méjì fún àwọn oníbàárà wò, inú rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, ó ń dán bí aṣọ ọba. Ọkàn mi fò lọ síbẹ̀. Mo ní ànàmọ́ ni ànàmọ́ ń jẹ́. Mo ra mẹ́rin.

Mo yan án nínú ààrò fún wákàtí kan gbáko. Mi ò sè é, torí wọ́n ní tí wọ́n bá sè é, omi á wọ̀ ọ́ lára, búrẹ́dì á wá rin. Ibi tí ìgbọràn mi mọ nìyẹn. Ọwọ́ lásán ni mo fi bó èèpo rẹ̀ (ẹ ti wá rí ibi tí èékánná ti wọ ọ̀rọ̀ báyìí), mo fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kúnná. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹwà. Mo ya fọ́tò 11. Mo yan èyí tó dáa jù níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ máa wòran. Ọ̀gá yín ti wọlé ìdáná."

Kí ló ń sáré lé mi gan-an?

Ìyẹ̀fun àgbàdo kọ́ọ̀bù kan ààbọ̀. Ẹyin méjì. Bọ́tà yíyọ́. Iyọ̀. Ṣúgà díẹ̀, torí èmi náà ti yan ẹgbẹ́ tèmi nínú ìjà àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó wá kan wàrà. Wọ́n ní kí n fún lẹ́móònù ṣíbí ńlá kan sínú wàrà kọ́ọ̀bù kan, kí n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó lè kan. Mo ní kí ló dé? Wàrà tó dáa, kí n fọwọ́ ara mi bà á jẹ́? Mo dà á sí i bẹ́ẹ̀.

Ó ku béékìn sódà. Wọ́n kọ "1 tsp" síbẹ̀. Èmi kà á sí "1 tbsp". Lẹ́tà kan péré, "b" kékeré tí kò tó eèrà, èmi ni mo fi ojú ara mi gbìn ín síbẹ̀. Ṣíbí tíì kan ni wọ́n ní kí n bù, ṣíbí ńlá ni mo gbé, mo sì bù ú kún dẹ́dẹ́, mo tún gbọ̀n díẹ̀ lé e pé kó lè wú dáadáa nítorí Àǹtí. Ṣíbí tíì mẹ́ta ló ń wọ inú ṣíbí ńlá kan. Èyí tí mo gbọ̀n lé e, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, ó dáa. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí nǹkan kan létí abọ́, ilà tín-ín-rín kan, àwọ̀ aró. Mo ní òjìji ọwọ́ mi ni. Mo bọ́ awò ojú mi, mo fi ẹ̀wù nù ún, mo tún wọ̀ ọ́. Ilà ti di mẹ́ta. Mo tan iná kejì. Mo gbé abọ́ náà lọ sẹ́bàá fèrèsé bí ẹni tó ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Níbi tí mo gbé e dúró sí, lójú èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, àlùkò náà ń lọ. Ó kọ́kọ́ di aró. Aró wá pàdé àwọ̀ ìyeyè inú àgbàdo, àwọn méjèèjì bá bí àwọ̀ ewé.

Kì í wá ṣe ewé tó ṣeé wò o. Ẹ ti rí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tó bá sùn sídìí kànga fún oṣù mẹ́fà? Òun nìyẹn. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo yọ́ lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ta ni mò ń fi í pamọ́ fún? Èmi náà ò mọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, ẹ̀rù ọ̀daràn ni.

Mo ní màá fi kún ànàmọ́, kí àlùkò lè borí. Mo da gbogbo èyí tó kù sí i. Ó gbé e mì. Bí mo ṣe ń dà á ló ń sọ ọ́ di ewé, bíi pé ebi ti ń pa á bọ̀ láti ilé. Nígbà tó yá mo ní ó tó, iná ló máa tún un ṣe. Iná tó ń yọ́ wúrà, ṣé búrẹ́dì ló máa borí rẹ̀? Mo fi bọ́tà ra páànù, mo tọ́jú ìdí rẹ̀ dáadáa bí mo ṣe rí i tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ṣe é, kó má bàa lẹ̀, mo dà á sí i, mo gbé e sí ààrò. Celsius 200, ìṣẹ́jú 25. Mo jókòó síwájú ààrò bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Nígbà tó jáde, ẹ̀yin ará, orí mi wú. Òkè rẹ̀ ti pọ́n dáadáa, ó là díẹ̀ láàárín, òórùn bọ́tà àti àgbàdo gba gbogbo ilé. Mo ní, àbí ẹ ò rí i? Iná ti tún un ṣe. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé etí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì rí agẹmọ lórí igi rí kó wá wò ó nínú páànù mi. Ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iṣan aró wẹ́wẹ́ tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá, bíi búrẹ́dì tó ti bu láti oṣù tó kọjá. Wọ́n ní agẹmọ ti bímọ tirẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ. Èmi náà ti bí tèmi. Mo jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ọṣẹ ni. Ẹ má rò pé mò ń bú u, adùn ọṣẹ ló ní, mo sì mọ irú ọṣẹ tí mò ń sọ.

Ibẹ̀ ni àkọ́bí mi, tó ń kọ́ kẹ́mísírì, ti wọlé. Ó wo búrẹ́dì, ó wo sódà, ó wo lẹ́móònù tí mi ò là. Ó ní, "Áà, Dádì. Anthocyanin, èròjà tó ń fún un ní àwọ̀, ló wà nínú ànàmọ́ yẹn, irú èyí tó wà nínú kábéèjì pupa. Bó bá pàdé nǹkan kíkan, á pọ́n. Bó bá pàdé sódà, á di aró, á di ewé. Wàrà kíkan ni ì bá pa agbára sódà yẹn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ ti fi búrẹ́dì ṣe bébà litmus tí a fi ń mọ nǹkan kíkan."

Mo ní kó jáde. Kò jáde. Ó la lẹ́móònù, ó kán an sórí ègé kan. Kí n máa purọ́ fún yín ńkọ́? Ibi tó kán sí pọ́n lójú wa. Ó pe àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n mú igi tí wọ́n fi ń ta eyín, wọ́n ń tì í bọ omi lẹ́móònù, wọ́n ń fi yàwòrán sórí búrẹ́dì mi: òdòdó, ẹja, bọ́ọ̀lù. Èmi ń fi ìbànújẹ́ fọ abọ́, àwọn ń ṣeré lórí òkú.

Àǹtí dé. Mo ti ní kí wọ́n gbé e pamọ́, ta ló gbọ́? Àǹtí rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí wọn. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n ní, "Àna mi, mo ti lo oògùn tó burú ju èyí lọ. Ẹ gé e fún mi, nítorí èmi lẹ ṣe ṣe é." Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú padà. Mo gé e tó tóbi. Wọ́n gbé e dé iwájú ẹnu.

Wọ́n wá béèrè, torí àìsàn celiac, èyí tí kì í jẹ́ kí ara wọn gba gluten, kì í ṣeré, èérún kékeré ti tó láti dá inú wọn rú, wọn kì í jẹ nǹkan láìbéèrè: "Páànù ńkọ́? Kí lẹ fi sí i tí kò fi lẹ̀?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé mo ṣe dáadáa ni. Mo na àyà. "Kò lẹ̀ rárá, Àǹtí! Bọ́tà ni mo fi ra á, mo wá wọ́n fúláwà díẹ̀ sí i."

Ìyàwó mi di ojú.

Fúláwà. Àlìkámà. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n, tí mi ò jẹ́ kí ọmọ mu omi nítorí ẹ̀kọ́ gluten, èmi ni mo tún fi ọwọ́ ara mi wọ́n ọn sí ìdí páànù. Àǹtí rọra gbé ègé náà sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin, wọ́n dìde lọ fọwọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, àna mi. Ẹ ṣeun gan-an." Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, èébú ò lè dùn mí tó o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rò pé èmi nìkan ni oníwàhálà nínú ilé yìí, ẹ dúró ná. Ìyàwó mi wọ yàrá. Nígbà tó máa jáde, bísíkíìtì páálí méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, "gluten free" gàdàgbà lára wọn. Abẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀ ló kó wọn sí! Rìsíìtì ṣì wà nínú ọ̀rá. Mo mú un, mo wo déètì. Ọjọ́bọ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ṣèlérí. Obìnrin yìí ò fún mi ní ọjọ́ kan péré! Gbogbo bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ láti Ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé, tó ń mi orí, tó ń ní "ẹ kú làákàyè", bísíkíìtì ti wà lábẹ́ aṣọ.

Mo ní, "Kí ló dé tó ò gbà mí gbọ́?"

Ó ní, "Mo mọ ẹni tí mo fẹ́."

Kí lèèyàn máa sọ sí ìyẹn? Àǹtí jẹ bísíkíìtì, ó dùn mọ́ wọn. Èmi jẹ ewé mi fún ọjọ́ mẹ́ta, láàárọ̀, pẹ̀lú tíì, mo ń ní "háà, ó tiẹ̀ dùn" sókè kí ìyàwó mi lè gbọ́, inú mi ń hó bí omi ìfọṣọ.

Àwọn ẹbí ò wá jẹ́ kí n sinmi. Láti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti ń bèèrè lórí WhatsApp pé ọ̀gá àwọn dà, búrẹ́dì dà? Mo ní kámẹ́rà fóònù mi ti bàjẹ́. Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, àfi bí àbíkẹ́yìn mi ṣe mú fóònù ìyá rẹ̀ lánàá, tó fi èyí tí òun yà ránṣẹ́: ègé kan, ewé bíi ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, ó sì fi omi lẹ́móònù kọ DÁDÌ pupa gàdàgbà sórí rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe fọ́tò iwájú ẹgbẹ́ ẹbí báyìí.