Ìdí ọkọ̀ bàbá mi ti gbéra

Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ìdí Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ti ń wọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gígùn ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó èrò nígbà kan. Bí mo bá ti kó iṣu láti Ìkọ̀lé bọ̀ wá sí Adó, gbogbo kòtò ló máa ń dún gbàgà lábẹ́ mi, ìdí ọkọ̀ á sì máa mì lègbèlègbè.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e. Sípíríǹgì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, méjì lápá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ti kán nísàlẹ̀, ìpáàrà ti bo ojú ibi tó ti kán. Òróró ti jò sí ara ṣọ́kì méjèèjì, eruku pupa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fọwọ́ kan bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí àwọn irin abẹ́ ọkọ̀ ti so mọ́ra, ó rún sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà àná.

"Bàbá, ṣé ká pààrọ̀ èyí tó kán nìkan ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Apá kan ò gbọdọ̀ ga ju èkejì lọ."

Gbogbo ẹ̀ la pààrọ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni ti bọ́ọ̀ṣì: Bàbá ò fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná, kó tó wá fún un pinpin. Bí a bá fún un lókè, rọ́bà á lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá jókòó sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé e gba ọ̀nà Àrámọkọ. Ìró ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo ń gbọ́, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nígbà tí bàbá mi ń wà á.