Èèpo ẹkùrọ́ tó léfòó

Láàárọ̀ yìí, a kò tíì da kọnkéré tí a fi èèpo ẹkùrọ́ rọ́pò gíránáìtì nínú rẹ̀ sínú pákó tán tí èèpo náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí sókè bí ìgbín lẹ́yìn òjò. Fáíbírétọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọn kọnkéré kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ló fà á. Kọnkéré gíránáìtì lọwọ́ ẹni tó mú ẹ̀rọ náà mọ́, kò sì tètè fà á yọ. Èèpo fúyẹ́ gan-an. Bí a bá gbọ̀n ọ́n jù, yanrìn á rì, èèpo á léfòó. Bí ìfófòó orí kọnkéré bá ti dá, ẹ fa fáíbírétọ̀ yọ.

Omi ni wàhálà kejì. Láàárín wákàtí 24, èèpo gbígbẹ lè mu omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀, omi tó yẹ kí sìmẹ́ǹtì lò ló sì ń fà. Nítorí náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ epo ara rẹ̀ kúrò (sìmẹ́ǹtì kì í lẹ̀ mọ́ epo), ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sì sẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ kò fi ní dán mọ́.

Korobá sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 1½, èèpo 1½. Omi kò gbọdọ̀ ju lítà 25 lọ fún àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50. Kúbíìkì mítà kan kọnkéré eléèpo yìí máa ń wọn nǹkan bí kílò 1,800. Ti gíránáìtì ń lọ sí 2,400. Ti eléèpo dára fún ògiri tí kò gbé ẹrù. Òpó ilé alájà kẹ̀? Èmi ò dán an wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pò ó rí, ṣé ó léfòó mọ́ yín lọ́wọ́ báyìí?