Ère àkèré ńlá Dominica: ibi tí iṣẹ́ dé

Orí àti ẹ̀yìn ti parí. Igi ọ̀mọ̀ ni mo lò, torí ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, bàbá agbẹ́gilére tó ń kọ́ mi níbí ní Kétu sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹranko náà ṣe tóbi tó ni mo ṣe gbẹ́ ẹ: ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kó sì wọn nǹkan bíi kílò kan. Erékùṣù méjì péré ló kù sí, Dominica àti Montserrat ní òkun Kàríbíà, nínú igbó tútù, létí odò. Akọ ló ní ẹ̀gún dúdú lára àtàǹpàkò. Abo ni tèmi, nítorí náà mo fi ewé eépín ha ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi dán.

Bàbá yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọmọ rẹ̀ dà?"

Ní ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí a ti ń jó fún àwọn ìyá wa, mi ò lè gbójú fo ìbéèrè yẹn. Inú ihò ilẹ̀ ni akọ àti abo ti ń po ìfòfó, ibẹ̀ ni abo ń yé sí. Nígbà tí ẹyin bá pa, kò sóhun tí ọmọ á jẹ níbẹ̀. Ìyá ló ń padà wọlé léraléra, tó ń yé ẹyin tí kò lè di ọmọ fún wọn jẹ, títí wọ́n á fi hu ẹsẹ̀.

Mo ti gbẹ́ ihò sísàlẹ̀ igi báyìí, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú lè rí inú. Ìfòfó ló gba àkókò jù: ṣóńṣó ọ̀bẹ ni mo fi ń lu igi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó lè rí bí ọṣẹ tó ń hó nínú igbá.

Àánú wọn ń ṣe mí gan-an. Àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní chytrid dé Dominica ní 2002. Láàárín oṣù 18, ó ti pa nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 wọn. Awọ ni àkèré fi ń mu omi, òun náà ló ń gba iyọ̀ sára. Àrùn yìí ń bà á jẹ́, iyọ̀ ara á dín, ọkàn á dákẹ́. Ní 2009 ó dé Montserrat, níbi tí òkè ayọnáyèéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í da eérú bo igbó ní 1995. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kó díẹ̀ lọ sí ọgbà ẹranko ní Jersey àti London kí ìran wọn má bàa run.

Ọ̀dà ló kù: ẹ̀yìn pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú láti ojú dé etí. Ẹfun ni màá fi pa ìfòfó. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ẹfun kó má baà bó lára igi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.