Réèlì mítà 3 nínú Micra

Ẹni tó bá rí mi lóṣù tó kọjá á rò pé mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì ni. Òru ni mo fi ń wo fóònù, bí ìyá àwọn ọmọ bá ti yíjú sí mi báyìí, màá dà á dé. Bẹ́ẹ̀, ayùn ni mo ń wò o. Kì í ṣe ayùn lásán: track saw ni, èyí tó ń rìn lórí réèlì bí ọkọ̀ ojú irin, tó máa ń gé odidi plywood láti òkè délẹ̀ láìwọ́.

Wọ́dúróòbù ló fà á. Lọ́dún tó kọjá, mo ra plywood ní Bódìjà, mo ní kí àwọn ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀ bá mi gé e. Ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, etí wọn ya jágajàga bí ẹni pé eku ló jẹ wọ́n. Mo búra pé n ò ní gbé plywood fún ẹnikẹ́ni gé mọ́.

Bí mo ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n ayùn nìyẹn. Mo mọ̀ pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí réèlì náà, pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ayùn fúnra rẹ̀ ló máa gé e mọ́ra, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, ibi tí rọ́bà bá parí sí gan-an ni eyín ayùn máa gbà. Rọ́bà yẹn náà ló ń tẹ ojú igi mọ́lẹ̀ tí kì í fi í ya. Mo yẹ agbára rẹ̀ wò: wáàtì 1,200. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e, ṣe ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ títí tó fi máa kú, ṣùgbọ́n tèmi tóbi ju ìyẹn lọ. Ti iná ìjọba, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Gígùn réèlì lọ̀rọ̀ wá kù sí. Plywood gùn ní mìlímítà 2,440, ó fẹ̀ ní 1,220. Réèlì tó bá ayùn wá nínú páálí jẹ́ 1,400: ó tó ìbú, kò tó òòró. Kódà, èyí tó bá jẹ́ 2,440 gẹ́lẹ́ ò tó, torí ayùn gbọ́dọ̀ ti jókòó sórí réèlì kí eyín rẹ̀ tó kan igi, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà tó bá jáde lódì kejì.

Ọmọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ ní Ògùnpa sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú 1,400 kan sí i, ẹ so méjèèjì pọ̀, 2,800 nìyẹn. Ẹ gbé e há abíyá, ẹ máa lọ."

"Àbúrò," mo ní, "ibi tí wọ́n bá ti so irin pọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wọ́." Mo ṣàlàyé fún un fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń wò mí. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó fa ọ̀kan tó jẹ́ mítà 3 jáde, eruku bò ó. "Ó ti pẹ́ tó ti ń retí yín."

Ìgbà tí mo dúró sétí títì tán ni mo tó rántí pé n ò ní mọ́tò.

Oníkẹ̀kẹ́ kọ̀. Ọlọ́kadà kan ní kí n gbé e dábùú itan, mo wo títì, mo wo ẹ̀mí mi. Níkẹyìn, onímicra kan tó ń lọ Àpẹ́tẹ́ dúró. "Ọ̀gá, owó èèyàn méjì ni irin yìí máa san o." Mo gbà. A ṣí búùtù, a ti réèlì gba àárín àwọn tó wà lẹ́yìn, orí rẹ̀ sinmi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ìdí rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn, dírẹ́bà so àkísà pupa mọ́ ọn. Ìyá kan gbé apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé sáàárín ẹsẹ̀ lẹ́yìn.

"Ọmọ mi, bá irin ẹ sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ti já sí kòtò ló ń gbá mi létí."

Mo bẹ Màmá. Nígbà tó yá, a jọ mọ iṣẹ́ náà: tí dírẹ́bà bá fẹ́ ki jíà, màá gbé orí irin sókè, Màmá á tẹ orí ba lẹ́yìn.

A dé Sángo. Èrò kan tó ń lọ Poli pariwo "Poli!" lẹ́yìn wa. Dírẹ́bà ò wẹ̀yìn, kí ló tiẹ̀ fẹ́ rí, ó ki rífáàsì. Gbàù! Òpó iná ni. Orí réèlì ta mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àárín rẹ̀ gbé sókè bí ẹ̀yìn ológbò tó rí ajá, ó ṣí gèlè Màmá bọ́ sínú tàtàṣé. Ọkọ̀ dákẹ́ lọ gbári.

"Kò ṣe nǹkan kan," dírẹ́bà wí. "Irin ṣáà ni."

Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ nílé, ó ti yọ iké. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọlọ ata ìyàwó mi lé e lórí di àárọ̀. Iké ò lọ. Mo bá tan jẹnẹrétọ̀, mo ní ayùn á mọ bó ṣe máa ṣe é. Ó lọ geerege, ó dé ibi iké, ó dúró. Mo tì í. Ó fò, ó sì bọ́ kúrò lórí réèlì. Ìlà tó gé sára plywood yẹn, bí ẹ bá ti gba títì Àpẹ́tẹ́ rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ariwo ló gbé bàbá káfíńtà àdúgbò wa dé. Wọ́n wo ayùn, wọ́n wo réèlì, wọ́n wo plywood. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n lọ mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gún wá, wọ́n fi kíláǹpù méjì há a mọ́ plywood, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ayùn mi tì í, wọ́n sì gé e já. Ó gún bí okùn tí a fà le.

"Tíṣà, ayùn yín dáa o," wọ́n ní. "Èló lẹ ra irin ìsáṣọ yẹn?"

Fèrèsé pálọ̀ ni réèlì wà báyìí. Iké àárín rẹ̀ pín kọ́tìnì sọ́tùn-ún sósì, àwọn àlejò rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun. Lọ́jọ́ Sunday, ìyàwó mi dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó lọ wò ó bọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò ní padà sí Ògùnpa lọ ra ti yàrá?"