Òwú Ọyẹ́, Òwú Òjò

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Iléṣà. Ètè mi ti bó, òwú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ mi lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ báyìí, òwú a le, kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Èyí tí mo ran nínú oṣù Keje, nígbà tí gbogbo nǹkan inú ilé tutù rinrin, yí pọ̀ dáadáa, ó gùn, ó sì dán. Tòní rí gbágungbàgun, kókó kún inú rẹ̀.

Mi ò ní jù ú nù. Láti ọyẹ́ èṣí ni mo ti ń hun aṣọ kan ṣoṣo, bí mo bá sì ṣe ran òwú tẹ̀léra wọn ni mo ṣe ń hun ún wọlé. Ẹni tó bá fọwọ́ pa á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè yóò mọ ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀.

Yèyé àgbà ló kọ́ mi. Òfì tirẹ̀ dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíjìpá ló ń hun níbẹ̀, aṣọ tó fẹ̀ tó sì nípọn, kì í ṣe irú tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń hun ní Ìṣẹ́yìn. Bó bá fẹ́ ran òwú, á kọ́kọ́ fi ẹfun pa àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Á wá gbé ìdí kẹ̀kẹ́ ìrànwú lé orí àpáàdì, á ta á, amọ̀ róbótó ìdí rẹ̀ á máa pòòyì, ọwọ́ òsì á sì máa fa òwú sókè díẹ̀díẹ̀ títí apá rẹ̀ á fi nà tán. “Má fà á, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa bọ̀.” Ó tó oṣù mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé ọwọ́ mi.

Òṣómàáló ni wọ́n fi ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, torí àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sílé onígbèsè títí á fi sanwó. Ó dára. Àmọ́ ó ń dùn mí pé ẹni tó ta aṣọ là ń kì, a kì í dárúkọ àwọn yèyé tó jókòó sídìí òfì.

Apá ibi tí òjò wà nínú aṣọ mi ló ń fà mí mọ́ra jù. Mo ti gún ewé ẹ̀lú, mo ti sẹ́ omi eérú, mo ti rẹ aró sínú ìkòkò. Ooru ni aró fi ń bá a lọ. Bó bá ti jí, ìfófòó orí rẹ̀ a máa dán bíi bàbà. Òwú tí a bá fà jáde nínú rẹ̀ a kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di dúdú lójú ẹni. Lóru ọjọ́ kan, òrùlé jò sínú ìkòkò mi. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ó ti tutù, ìfófòó ti lọ, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. Mo sunkún. Mo ri òwú bọ̀ ọ́ náà, ohun tó sì jáde ni àwọ̀ sánmọ̀ tó ṣú tí kò rọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ọ́mọ̀ pa á láró bẹ́ẹ̀. Mo hun ún sáàárín òjò, ó sì bá a mu wẹ́kú.

Obì ni mo fi pa ti ẹ̀ẹ̀rùn láró, ó rí bí ewé kòkó gbígbẹ. Àwọn kan ní kí n ra sányán fún ti ọyẹ́, torí àwọ̀ rẹ̀ jọ eruku. Mo fẹ́ràn sányán púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé kòkòrò ni òwú rẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé mi. Funfun ni mo fi ọyẹ́ sí, pẹ̀lú gbogbo kókó rẹ̀.

Àná, aládùúgbò mi mú abẹ́ wá. “Ìyá Dayọ̀, ẹ jẹ́ ká gé àwọn kókó yìí kúrò.” Mo ní kó fọwọ́ kan ọ̀kan ná. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì gbé abẹ́ rẹ̀ padà sápò.

Ó ku bí ìbú ọwọ́ méjì kí aṣọ náà tó kan orí òfì. Igi òwú mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé ti ń là. Ní kùtùkùtù ọ̀la, kí atẹ́gùn tó gbéra, màá lọ já wọn.